Ẹ Dúró Nísàlẹ̀, Ẹ Máa Dáná

Ọmọkùnrin tó ru bátìrì ni mo kọ́kọ́ kí. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní, “Ẹńjiníà, okun o. Ẹ kú ìrìn.” Ọmọ náà wò mí, ó bojú wẹ̀yìn, ó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní, “Bàbá, èmi kọ́ o. Mádáàmù ló ń bọ̀ yẹn.”

Obìnrin tó ń bọ̀ náà wọ bàtà òjò tó dé orókún, ó dé akẹ̀tẹ̀, ó sì gbé àpótí pupa kan dání tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Àwa mẹ́rin la dúró lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ààfin, ìgbìmọ̀ omi ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Alága kí awakọ̀. Akápò kí ọmọkùnrin kejì, èyí tó gbé òòlù àti irin. Olóyè tó jẹ́ àgbà wa ní kí wọ́n wá àga fún ìyàwó ẹńjiníà, kí oòrùn má pa á. A ti kí gbogbo wọn tán kí a tó mọ̀ pé ẹni tí a ti ń retí láti àárọ̀ ni a kò tíì kí.

Kò bínú, tàbí kò fi hàn. Ó kúnlẹ̀ kí àgbà, ó ní okun o ẹ̀yin bàbá mi, ó sì béèrè ibi tí àwọn obìnrin ìlú ti ń pọnmi.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ìsánlú, lápá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì fẹ́ máa lọ sípàdé níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Okun, láti Kàbà dé Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀, á mọ bí òkè ṣe yí wa ká, àpáta ràbàtà tó yọrí láàárín oko bí ẹ̀yìn erin. À ń fi àwọn òkè yẹn yangàn. Orí wọn ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé ń kó èèyàn lẹ́rú. Ohun tí a kì í sọ ni pé àpáta kan náà ló ń fi òǹgbẹ gbẹ wá. Àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ máa ń dúró nínú erùpẹ̀ tó bo àpáta lórí, tàbí kó rá wọ ibi tí àpáta ti sán. Nígbà tí oṣù kejì bá fi dé, omi inú erùpẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga sí ibi tí àpáta kò ti sán, ihò lásán ló gbẹ́.

Ihò méjì la sì ti gbẹ́. Èkíní, iwájú ilé ọ̀gá kan tó dá owó jù ni a gbẹ́ ẹ sí, nítorí ọ̀wọ̀. Omi yọ nínú oṣù kẹsàn-án. A jó, a se àsè, a kọ orúkọ ọ̀gá sára táǹkì. Oṣù kejì kò tíì parí tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Fún èkejì, a mú ọkùnrin kan wá láti òkèèrè, ó di ẹ̀ka igi onípàlàkà kan mú, ó ń rìn kiri títí igi náà fi tẹ̀ wálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A gbẹ́ ibẹ̀. Eruku funfun ló ń tú jáde bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ń kù, àpáta gidi, a sì ń san owó mítà kọ̀ọ̀kan títí owó fi tán. Òpó táǹkì rẹ̀ ṣì dúró, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí rèé tí a fi gbà lẹ́ẹ̀kẹta pé kí onímọ̀ nípa ilẹ̀ wá wò ó kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ nǹkan kan. Ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló bá wa wá ẹni náà. Kò sọ fún wa pé obìnrin ni. Bóyá kò rí i bí ohun tí à ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí a jókòó láti jẹun, ó gbé àwo rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Sà, ẹ ò dá mi mọ̀.”

Mo ní ọmọ ta ni.

“Ẹ kọ́ mi ní Jọ́gíráfì, sà. SS2. Ọdún tí ẹ kó kíláàsì lọ sórí òkè.”

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní Jọ́gíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì. Òkè kan wà lẹ́yìn ilé ìwé tí mo pẹ́ sí jù, lọ́dọọdún ni mo sì máa ń kó SS2 lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́ màápù. Kọ́ńpáàsì kan, téépù kan, ìwé tí a ó ya màápù sí. Orí òkè ni iṣẹ́ gidi wà: kí ọmọ dúró lókè, kí ó wo ilé, odò, ọ̀nà àti oko nísàlẹ̀, kí ó yà wọ́n sórí ìwé bí ojú ẹyẹ ṣe ń rí wọn. Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, màápù kò tún lè dẹ́rù bà á mọ́ láyé.

Àwọn ọmọkùnrin ni mo máa ń kó gòkè. Àwọn ọmọbìnrin á dúró nídìí òkè pẹ̀lú ìkòkò àti ìrẹsì, wọ́n á dáná, kí oúnjẹ ti jinná kí a tó sọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á da màápù àwọn ọmọkùnrin kọ sínú ìwé tiwọn, èmi á sì fún gbogbo wọn ní máàkì. Lọ́pọ̀ ìgbà, máàkì àwọn tó dà á kọ ló ń ga ju ti àwọn tó gòkè lọ, torí pé ọwọ́ wọn mọ́, ìlà wọn gún.

“Ẹ ní, ‘Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ máa dáná.’ ” Ohùn mi ló fi sọ ọ́, ó tilẹ̀ tẹ imú bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Ìrẹsì yẹn jóná, sà. Èmi ló jóná mọ́ lọ́wọ́. Mo ń wò yín lókè.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iyán tó wà níwájú mi kò lọ dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ara mi díẹ̀. Mi ò ṣe é láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ejò wà lórí òkè yẹn. Síkẹ́ẹ̀tì ni aṣọ ilé ìwé wọn, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá fara pa, kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá rẹ̀? Èrò mi nìyẹn, mo sì gbà pé èrò baba ni. Àmọ́ lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan yọ̀ ṣubú lórí òkè náà, ó fi apá ṣẹ́. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo lọ bẹ ìyá rẹ̀, ó sì tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún kó àwọn ọmọkùnrin gòkè. Kò sí ẹni tó sọ pé apá ọmọkùnrin kan tó ṣẹ́ fi hàn pé ọkùnrin kò yẹ fún òkè. Ibi tí àwáwí mi ti ń jò nìyẹn, èmi fúnra mi ló sì rí i, ní ọjọ́ tí mo jókòó ti àwo iyán yẹn.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó ka ìtàn Marie Tharp. Ará Amẹ́ríkà ni, 1920 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ máa ń ya màápù ilẹ̀ oko fún ìjọba, ọmọ náà sì ń tẹ̀ lé e kiri pápá. Ó ráyè wọ ẹ̀kọ́ jiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ní Yunifásítì Michigan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, torí pé àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun, àga ṣófo. Ní 1948 ó rí iṣẹ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York. Níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń lọ káàkiri òkun Àtìláńtíìkì, ó ń wọn bí omi ṣe jìn tó, wọn kì í sì í gba obìnrin sínú ọkọ̀ náà. Bruce Heezen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á lọ sójú òkun, á kó nọ́ńbà bọ̀. Marie á jókòó ti tábìlì, á máa fi yíǹkì ya ohun tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń wí. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, n kò ronú kan òkè ẹ̀yìn ilé ìwé mi rárá. Ìtàn àwọn òyìnbó ni, mo sì dá wọn lẹ́bi dáadáa.

Ohun tí obìnrin tó jókòó ti tábìlì yìí rí, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò rí i. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òkè gígùn kan wà lábẹ́ Àtìláńtíìkì. Marie ló rí i pé kòtò gbọọrọ kan la àárín òkè náà kọjá, bí ipa tí ọkọ́ ń fà sáàárín ebè méjì. Bí ìyẹn bá sì jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀ ayé ń ya síhà méjì níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ ìgbà náà kò fẹ́ gbọ́ sétí. Ó fi han Heezen. Heezen ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọge nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó gbà. Ohun tó mú un gbà ni pé ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì wọn, Howard Foster, ń sàmì sí gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti mì lábẹ́ òkun. Nígbà tí wọ́n gbé màápù kan lé èkejì, ibi tí ilẹ̀ ti ń mì bọ́ sínú kòtò Marie, ó tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní 1957 wọ́n tẹ màápù àríwá Àtìláńtíìkì jáde. Ní 1977, ti gbogbo òkun ayé. Àwọn ọdún 1960 ti dé kí wọ́n tó jẹ́ kí òun náà wọ ọkọ̀ lọ wo òkun tó ti ń yà.

Ẹ̀dà màápù ìsàlẹ̀ òkun kan wà lára ògiri kíláàsì mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo máa ń fi pàṣán tọ́ka sí òkè àárín òkun náà. Mi ò ka orúkọ tó wà ní igun rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú ayé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo ń ya ayé bí ẹyin tí wọ́n là sí méjì sójú pátákó: èèpo lóde, àpáta gbígbóná tó nípọn tẹ̀ lé e, irin yíyọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, irin líle ní àárín gbùngbùn. Kò sí ọmọ tó bi mí pé ta ló débẹ̀. Ká ní wọ́n bi mí, mi ò bá ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, mo sì mọ irú ojú tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń yọ lọ́kàn ọmọ.

Inge Lehmann ló rí irin líle àárín gbùngbùn yẹn, ọmọ Denmark, tí wọ́n bí ní 1888. Ilé ìwé tó lọ ní kékeré, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hanna Adler ló dá a sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọkùnrin níbẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ́ obìnrin. Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ nígbà tí ilẹ̀ bá mì níbikíbi láyé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe, ẹ wo obìnrin tó fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà. Kò ní fọ́ ọ wò. Á fi ìka kàn án, á tẹ́tí sí i. Bó bá dún gooro, ó pé. Bó bá dún páá, ó ti sán níbì kan tí ojú kò rí. Ilẹ̀ mì ní New Zealand ní 1929. Ìyẹn ni pé ẹnì kan kan ìkòkò. Ìró rẹ̀ la ikùn ayé kọjá, ó yọ ní Yúróòpù, ó sì yọ ní àwọn ibi tí kò yẹ kí ó yọ bó bá jẹ́ pé irin yíyọ́ nìkan ló wà nínú. Nǹkan líle kan ló dá a padà. Ó kọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sórí káàdì, ó tò wọ́n sínú páálí oúnjẹ ọkà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lórí tábìlì nínú ọgbà ilé rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà. Ní 1936 ó gbé àbájáde rẹ̀ síta. Orúkọ tó fún ìwé náà kò ju P′ lọ, lẹ́tà kan àti àmì kan. Ó gbé títí di 1993, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo àsìkò tí mo ń ya ẹyin yẹn sójú pátákó nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́, obìnrin tó rí pupa ẹyin náà ṣì wà láàyè.

Ẹ lè ní òyìnbó ni gbogbo ìyẹn, ilé wọn ni wọ́n wà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ̀ wá sílé.

Wọ́n bí Deborah Ajakaiye sí Jos ní 1940. Ó kẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì ní Ìbàdàn, ó gboyè ní 1962, ó kọjá sí Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní 1970. Ní 1980 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n fíṣíìsì ní gbogbo Áfíríkà. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọdún yẹn. Ní 1980, Yàgbà, agbègbè wa, ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, ọdún mọ́kànlá sì kù kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀. Èmi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ń kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní Jọ́gíráfì, a sì jókòó ka orúkọ àwọn òyìnbó tó “ṣàwárí” odò wa. Ìrìn ọjọ́ kan sí wa nínú ọkọ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń wá ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ fún wa.

Iṣẹ́ tó ṣe gan-an ló wú mi lórí, ju ipò lọ. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí àwọn obìnrin wà nínú wọn, ni wọ́n ya màápù òòfà ilẹ̀ Nàìjíríà. Ilẹ̀ kì í fa gbogbo nǹkan bákan náà níbi gbogbo. Níbi tí òkúta abẹ́lẹ̀ bá ti wúwo, ó ń fa díẹ̀ sí i. Níbi tó bá fúyẹ́, ó ń dẹ̀ díẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ara èèyàn kò lè mọ̀ ọ́n, àfi ẹ̀rọ tó ní sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n kékeré nínú. Ẹ gbé e kalẹ̀, kó dúró jẹ́ẹ́, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e, ẹ tún lọ síwájú. Ibì kan, ibòmíràn, nínú oòrùn, lórí ilẹ̀ tó gbòòrò báyìí. Iṣẹ́ yìí, kò sí bí èèyàn ṣe lè dúró nísàlẹ̀ kó dáná kó sì rí i ṣe. Ìlànà rẹ̀ wúlò fún wíwá àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì àti omi abẹ́ ilẹ̀. Ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Jos, ó sì jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn awakùsà àti onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó tún wọ ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ yẹn, 1807 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì di 1919 kí wọ́n tó gba obìnrin kankan síbẹ̀.

Mo rò pé ohun tó ya Ajakaiye sọ́tọ̀ lójú tèmi ni pé ó kó àwọn ọmọbìnrin dání lọ sí pápá. Ẹni tó bá jẹ́ òun nìkan ló gòkè, yóò rí ìyìn gbà, á sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá kó ọmọ gòkè, a ò mọ ibi tí yóò parí sí. Nínú ìmọ̀ ilẹ̀, pápá ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ lè ka gbogbo ìwé tó wà, ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń bi ní ọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ń wọ ìwé. Èmi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá àwọn ọmọ padà, mo tún ń bá wọn ṣeré.

Bí mo ṣe ń wò ó, ìwà yìí kò bá ilẹ̀ wa mu pàápàá. Ta ló mọ òkúta ju obìnrin lọ ní ilẹ̀ Okun? Ìyá mi kì í ra ọlọ láìfi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó mọ òkúta tí yóò máa rún sínú ata àti èyí tí yóò pẹ́ títí dé ọwọ́ ọmọ ọmọ. Amọ̀koko mọ amọ̀ odò tó ń sán nínú iná àti èyí tí kì í sán. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà lágbègbè wa, ọkùnrin ló ń gbẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ lọ wo ọwọ́ ẹni tó ń fọ yanrìn nínú igbá, tó ń mi omi títí wúrà yóò fi dá wà ní ìsàlẹ̀. A ní gbogbo èyí nílé, a kàn pè é ní iṣẹ́ ilé.

Ìdí tí obìnrin tó wá wá omi fún wa fi kọ́kọ́ béèrè àwọn apọnmi nìyẹn. Ó jókòó pẹ̀lú wọn láàárọ̀ kejì, ó ní kí wọ́n sọ kànga tó kọ́kọ́ ń gbẹ, èyí tó ń gbẹ kẹ́yìn, àti oṣù tó ń gbẹ. Akápò wa ní ìṣòfò àkókò ni. Àwọn obìnrin náà mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ìyá àgbà kan ní nígbà tí òun jẹ́ ọmọbìnrin, ìsun kan wà nídìí àpáta lápá ìlà-oòrùn tí kì í gbẹ láéláé, kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Mo mọ bí ìtàn báyìí ṣe máa ń parí lẹ́nu àwọn oníwàásù: ìyá àgbà á tọ̀nà, ẹ̀rọ á kùnà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àpáta gbígbẹ ni nísàlẹ̀. Omi erùpẹ̀ lásán ni ìsun náà. Àmọ́ kànga tí àwọn obìnrin ní ó ń gbẹ kẹ́yìn, tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti fi ohun tó yàtọ̀ hàn.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Gbogbo wa mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ tó ní omi lára kan iná mànàmáná. Iná ń gba inú omi kọjá wẹ́rẹ́, kì í rọrùn fún un láti gba inú àpáta gbígbẹ. Wọ́n gbá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, wọ́n fi wáyà so wọ́n mọ́ àpótí àti bátìrì, wọ́n rán iná díẹ̀ sínú ilẹ̀, wọ́n wo bí ilẹ̀ ṣe ń kọ̀ ọ́ tó. Bí wọ́n bá ṣe ń sún irin méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà náà jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná ń wọlẹ̀ jìn sí i. Obìnrin náà jókòó ti àpótí, ó ń kọ nọ́ńbà, ó ń pariwo fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n sún un. Àwọn ọmọdé ìlú ń pè é ní Àǹtí Oníwáyà.

Nígbà tó fún wa ní ìwé rẹ̀, ibi méjì ló kọ síbẹ̀, ó sì sọ èyí tó dá a lójú ju èkejì lọ. Ó ní òun kò lè búra, torí òun kò rí inú ilẹ̀, òun kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ní ìpàdé, alága ní bóyá kí a pe ọkùnrin kan kó tún un wò, kí ọkàn wa balẹ̀. Ẹnì kan ní àní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń wo ìka mi. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè pé ọkùnrin onígi nì, ta la pè pé kó tún tirẹ̀ wò? Olóyè rẹ́rìn-ín, alága kò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì kọjá. A gbẹ́ ibẹ̀. Omi ti la ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá níbẹ̀, kò gbẹ. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára táǹkì náà, mo sì ti ní kí wọ́n kọ tirẹ̀. Wọ́n ní à ń gbé e yẹ̀ wò.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ìwọn náà ni mo ń rántí jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ibà, ìlà tó kù sì gba ẹ̀gbẹ́ àpáta lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní òòlù. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wo sálúbàtà tí mo wọ̀, ó ní, “Sà, ejò wà níbẹ̀ o.” Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó wá ní kí ọmọkùnrin tó ru bátìrì bọ́ bàtà rẹ̀ fún mi.

Mo gbé irin, mo fa wáyà lọ́wọ́, mo ń gun ẹ̀gbẹ́ òkè díẹ̀díẹ̀. Nísàlẹ̀, ó ti jókòó ti àpótí pupa náà, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dojú kọ nọ́ńbà. Òórùn ìrẹsì ń bọ̀ láti ibi tí akápò wa ti ń koná mọ́ ìdí ìkòkò, torí àwọn obìnrin ti lọ sọ́jà. Mo gbá irin mọ́lẹ̀. Ó kà á, ó kọ ọ́, ó gbé orí sókè.

“Ẹ gòkè sí i, sà. Mítà mẹ́wàá.”

Mo fa irin náà tu, mo sì gòkè.